Bí A Ṣe Ń Yan Kóró Igbá, Ẹ̀gúsí àti Elégédé fún Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun igbó tán láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìsarà, tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, ìbéèrè kan náà ló ń lọ láti ẹnu dé ẹnu: kóró wo ni ká gbìn lọ́dún yìí? Bí ọ̀rọ̀ bá kan igbá, ẹ̀gúsí àti elégédé, ìbéèrè yẹn gba sùúrù. Ìdílé kan ni wọ́n, àwọn pẹ̀lú àpálá, ugu, àti ejìnrìn tó ń fà káàkiri ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra. Òmíràn á so tán láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, òmíràn á wà lóko fún oṣù mẹ́jọ. Òmíràn ń fà nílẹ̀, òmíràn kò ní so dáadáa àfi tó bá rí igi gùn.

Ìmọ̀ràn tí mo gbé ṣáájú gbogbo ìmọ̀ràn yòókù nìyí: kí ẹ tó ra kóró, ẹ béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ti so lọ́dún tó kọjá. Ilẹ̀ òjò ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Kóró tí ìyá àti ìyá-ìyá rẹ̀ ti fara da ọ̀rinrin yìí, tí eṣinṣin èso ti ta tí kò sì kú, sàn ju kóró inú páálí alárànbarà tó jẹ́ pé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe

Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ lò ó? Tó bá jẹ́ jíjẹ, ṣé ewé lẹ fẹ́, àbí ara èso, àbí kóró inú rẹ̀? Ẹ má fi ìdáhùn yìí falẹ̀. Ẹni tó ń já ewé lójoojúmọ́ kò ní rí èso ńlá ká, irú tí kóró rẹ̀ sì kún fún òróró lè ní ara tó korò tí ẹnu kò gbà.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí igbá, torí ọkàn mi wà lára rẹ̀, àti pé ó ti ń dín kù lóko wa láti ìgbà tí ike ti gba ilé ìdáná. Ìtàkùn kan náà, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Lagenaria siceraria, ló ń so igbá, kèrègbè, àdó, ṣẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tí a fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Inú kóró ni ìrísí wọn ti ń wá. Kóró igbá roboto kò ní so kèrègbè, bó ti wù kí ẹ kẹ́ ẹ tó. Síbẹ̀, lójú, kóró wọn jọra púpọ̀, kò sí ẹni tó lè wò ó nínú àtẹ́lẹwọ́ kó sọ pé ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò so. Nítorí náà, lọ́wọ́ ẹni tó lè fi èèpo èso náà hàn yín ni kí ẹ ti gba kóró igbá, tàbí kẹ́ ẹ ra odidi èso gbígbẹ, kẹ́ ẹ mì ín, kẹ́ ẹ gbọ́ bí kóró ṣe ń ró nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá là á fúnra yín.

Tó bá jẹ́ igbá tí a ń là sí méjì lẹ fẹ́, ẹ wá èso tó rí roboto, tó fẹ̀ níkùn, tí ìdí rẹ̀ sì tẹ́. Fún kèrègbè, ọrùn lẹ ó wò. Àwọn àgbà sọ pé akèrègbè ló ń júwe ibi tí a ó ti fi okùn sí i lọ́rùn, òótọ́ gidi sì ni lóko: èyí tí ọrùn rẹ̀ fún dáadáa kó tó tún wú lókè ni okùn ń dì mú, èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ lọ sókè láì fún, okùn á máa yọ̀ lára rẹ̀. Adẹ́mu tí kò fẹ́ kẹ́ẹ̀gì ike, irú àkọ́kọ́ yẹn ni yóò wá bá yín rà. Àdó kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìtàkùn rẹ̀ ń so púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìtàkùn méjì péré tó ilé kan. Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ní ọrùn tóóró gígùn, ìtàkùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gun òkè, torí èso tó bá so kọ́ sínú afẹ́fẹ́ ni ọrùn rẹ̀ ń gún ṣánṣán. Bí irú èso bẹ́ẹ̀ bá dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, ọrùn rẹ̀ á wọ́. Èyí tí a fẹ́ fi ṣe ìgbákọ náà, ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n igbá tí ẹ fẹ́ kí ìdí rẹ̀ tẹ́ kó lè jókòó lórí tábìlì, ẹ jẹ́ kó jókòó sórí pákó láti kékeré.

Fún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí èèpo ṣe nípọn tó ni kókó. Ẹ kan èso gbígbẹ tí ẹ fẹ́ gba kóró rẹ̀ pẹ̀lú èékánná. Tí ohùn rẹ̀ bá dún jinlẹ̀, tí kò dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èèpo rẹ̀ nípọn. Irú èèpo bẹ́ẹ̀ ń jogún láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n oòrùn àti àkókò pípẹ́ lórí ìtàkùn ló ń parí iṣẹ́ náà.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún páálí kóró tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà. Irú igbá kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ jíjẹ nígbà tí èso ṣì rọ̀ ni wọ́n yàn án fún níbẹ̀, wọn kò yàn án nítorí èèpo. Ẹni tó bá fẹ́ sè é jẹ lè gbìn ín. Ẹni tó fẹ́ igbá, kó dúró sí irú ilé wa.

Ẹ̀gúsí ló kàn. Irú méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni orúkọ yìí ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni bàrà, ìbátan ẹ̀gúsí aládùn tí wọ́n ń pè ní wọ́tà mẹ́lọ̀nì. Ilẹ̀ ló ń fà sí, òdòdó rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ara èso rẹ̀ korò, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló fi ń dé. Nínú bàrà fúnra rẹ̀, ẹ wo etí kóró: èyí tí etí rẹ̀ nípọn tó sì dúdú máa ń tóbi, àmọ́ bíbó rẹ̀ le, èyí tí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, rọrùn láti bó lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọ ilé lẹ ó fi bó o, ẹ gbin elétí fẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìbó wà nítòsí yín, tí títà sì ni èrò yín, elétí dúdú kò burú.

Ìkejì ni ìtóò, Cucumeropsis mannii lórúkọ àwọn onímọ̀. Kóró tirẹ̀ funfun, ó sì ń dán. Ìtàkùn rẹ̀ ń gun igi ni, ó sì ń lo oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó gbó. Igbó ni ilé rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè yóò fi pa á tì. Àgbẹ̀ tó ṣẹ́ oko nínú igbó, tó fi igi gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ ní ìdúró, ti ṣe pẹpẹ fún ìtóò láì san kọ́bọ̀. Ohun tó ń lé àwọn èèyàn sá ni pé ó ń pẹ́. Mo gbà pé ó ń pẹ́, àmọ́ èso rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹrà lásìkò òjò, torí òkè ló wà, ẹrẹ̀ kò kàn án.

Ní ti elégédé, ẹ̀yà mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù lágbàáyé: Cucurbita moschata, Cucurbita maxima àti Cucurbita pepo. Ìdí tí mo fi ń dárúkọ wọn ni pé ara páálí lẹ ó ti rí i, orúkọ náà yóò sì gbà yín lọ́wọ́ àdánù. Moschata ló mọ ooru àti ọ̀rinrin jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ni mo ń gba gbogbo ẹni tó bá ń gbin elégédé láàárín Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde níyànjú láti mú. Maxima máa ń tóbi rẹpẹtẹ, ó sì dára ní ilẹ̀ tó tutù, ṣùgbọ́n òjò oṣù kẹfà wa máa ń kó àrùn bá ewé rẹ̀. Pepo ni elégédé pupa roboto tí àwọn òyìnbó fi ń gbẹ́ fìtílà, òun náà ni súkíní, elégédé gígùn tó jọ àpálá, tí wọ́n ń jẹ nígbà tó ṣì rọ̀. Èyí lè so ní kíákíá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lójú àkùrọ̀, tí omi bá wà.

Bí ẹ bá bá odidi elégédé lọ́jà tí ẹ kò mọ ẹ̀yà rẹ̀, ẹ wo igi orí rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti so mọ́ ìtàkùn. Ti moschata le, ó ní igun márùn-ún, ó sì máa ń ṣí gbàgede níbi tó ti kan èso, bí ẹsẹ̀ tó tẹ ilẹ̀. Ti maxima rí roboto, ó nípọn, ó sì rọ̀. Ti pepo le, ó ní igun tó mú, kì í sì í ṣí níbi tó ti kan èso. Ewé náà ń sọ̀rọ̀: ti pepo máa ń gún ọwọ́, ti moschata rọ̀, ó sì sábà ní àbàwọ́n funfun lójú.

Lára moschata tí wọ́n ń tà nínú páálí, Waltham Butternut ni ẹ ó rí jù. Ó nílò bí oṣù mẹ́ta àbọ̀, ara rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó dùn, kóró rẹ̀ kò sì gba àyè púpọ̀ nínú èso. Ó ń tà fún àwọn tó ń gbé e lọ sí Èkó. Seminole náà jẹ́ moschata, láti ilẹ̀ olóoru Florida ní Amẹ́ríkà, ó lè fara da ọ̀rinrin, èso rẹ̀ sì ń pẹ́ nílé kó tó bàjẹ́. Síbẹ̀, kí ẹ tó na owó sí wọn, ẹ lọ wo elégédé tó ń fà lórí ààtàn ìyá arúgbó kan ládùúgbò yín. Ìtàkùn tó ń so lọ́dọọdún láìsí oògùn, láìsí ajílẹ̀ olówó, ti fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ tọrọ èso kan lọ́wọ́ ìyá, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè bó ṣe ń dùn sí lẹ́nu wọn.

Bí ó bá jẹ́ gbọ̀rọ̀ lẹ fẹ́, ìyẹn ewé àti ọ̀mùnú elégédé fún ọbẹ̀, irú ilé yìí kan náà ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ yan ìtàkùn tí ewé rẹ̀ rọ̀, tó ń yọ ẹ̀ka púpọ̀. Ẹ gbìn ín sún mọ́ra, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀mùnú rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bí ẹ ṣe ń já a ni yóò máa pẹ̀ka.

Ugu kò ní jẹ́ ká pẹ́. Ọ̀tọ̀ ni akọ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni abo rẹ̀, a kò sì lè dá wọn mọ̀ títí wọn yóò fi tanná. Kóró rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ. Tó bá gbẹ, ó ti kú. Torí náà, inú èso rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì gbìn ín láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má ra kóró ugu gbígbẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tòmátò eléjò náà yẹ kí ó ní àyè tirẹ̀ lójú ọgbà. Èso gígùn tó ń kọ́ dòòdò ni, tó bá ti pọ́n, inú rẹ̀ pupa, a sì lè fi ṣe ọbẹ̀ nígbà tí tòmátò bá wọ́n. Ó nílò àtẹ tó ga, ìyẹn pẹpẹ igi tí ìtàkùn ń gùn, òkúta kékeré tí a so mọ́ ìdí èso á sì mú kó gún.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi ilẹ̀ àti òjò wọn kóró yín

Láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ pupa oníyanrìn ló pọ̀. Omi kì í dúró nínú rẹ̀, èyí tó dára fún bàrà, ṣùgbọ́n òjò ń fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ kíákíá. Elégédé tó bá bọ́ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí ajílẹ̀, ewé rẹ̀ á máa pọ́n. Ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tàbí pàǹtírí tó ti jẹrà sójú ihò kí ẹ tó gbìn ín. Ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó, ilẹ̀ sábà lọ́ràá jù bẹ́ẹ̀ lọ, òjìji igi kòkó ni wàhálà ibẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó fẹ́ òjìji, àní ìtóò tó ń gun igi fẹ́ kí orí rẹ̀ rí oòrùn.

Òjò wa pín sí méjì: àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó le ní oṣù kẹfà àti keje, ó dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún padà ní oṣù kẹsàn-án, títí àrọ̀kúrò yóò fi parí ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Ìṣirò tí ẹ ó ṣe ni pé kí ìgbà tí èso yóò gbó bọ́ sí àkókò tí òjò kò pọ̀.

Bàrà: ẹ gbìn ín pẹ̀lú àkọ́rọ̀, láàárín ẹ̀gẹ́, kí ó lè bo ilẹ̀ kó sì pa koríko títí ẹ̀gẹ́ yóò fi ga. Ilẹ̀ tí a ti ń wa ẹ̀gẹ́ fún gàrí Ìjẹ̀bú yìí náà lè mú ẹ̀gúsí jáde kí ẹ̀gẹ́ tó fẹ̀ lórí. Àwọn mìíràn tún ń gbìn ín lẹ́ẹ̀kejì ní ìparí oṣù kẹjọ, èso rẹ̀ á gbó sínú ẹ̀ẹ̀rùn, gbígbẹ kóró á sì rọrùn.

Ìtóò: pẹ̀lú àkọ́rọ̀ náà, torí yóò dúró dé oṣù kọkànlá.

Igbá àti kèrègbè: ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa. Àwọn tó ń gbin igbá ní ìhà Ọ̀yọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn gígùn tó ń bá wọn gbẹ igbá. Àwa kò ní irú rẹ̀. Bí ẹ bá gbin igbá ní oṣù kẹta ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹru, inú òjò ni yóò gbó sí, èèpo rẹ̀ á hu olú, á sì jẹrà kó tó le. Ẹ gbìn ín láàárín ìparí oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, kẹ́ ẹ sì ṣe àtẹ fún un. Èso rẹ̀ á gba ìyókù òjò láti tóbi, ọyẹ́ á sì bá a gbẹ lórí ìtàkùn. Irú igbá ńlá tó ń pẹ́ púpọ̀ kí ó tó gbó, ẹ gbìn ín ní apá ìbẹ̀rẹ̀; àdó lè dúró dé oṣù kẹjọ.

Elégédé aléso: oṣù kẹrin tàbí ìparí oṣù kẹjọ. Ti ìgbà kejì ni mo fẹ́ràn jù, torí èso rẹ̀ ń pẹ́ nílé. Elégédé eléwé: ìgbàkígbà tí omi bá wà. Ẹni tó ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò lè máa já gbọ̀rọ̀ títí wọ inú oṣù kejì, nígbà tí ẹ̀fọ́ wọ́n lọ́jà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Níbi tí ẹ ó ti ra kóró, àti ohun tí ẹ ó wò

Lọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ọjà Awólọ́wọ̀ ní Ṣágámù, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀gúsí ló mọ ibi tí ẹrù wọn ti wá. Ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé gbígbìn lẹ fẹ́ gbìn ín. Ìyá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sọ fún yín pé, "Ọmọ mi, má mú tinú àpò yìí, ti ọdún tó kọjá ni, dúró kí n fún ọ ní tuntun." Ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó kò ṣe é gbìn, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n yan níná. Èyí tó ṣì wà nínú èèpo nìkan ni kí ẹ mú.

Fún irú tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò, NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso àti ẹ̀fọ́, wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975. Àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, náà lè tọ́ yín sọ́nà.

Bí ẹ bá ń ra kóró inú páálí, ọjọ́ tí wọ́n dì í ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Yàtọ̀ sí ti ugu, kóró ìdílé yìí lè wà láàyè fún bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún níbi tó gbẹ tó sì tutù, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò gbẹ, kò sì tutù. Èyí tó bá ti lé ní ọdún méjì, ẹ fi sílẹ̀. Ìkejì, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ F1 sí i, ìyẹn àdàlù ìran àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú méjì ṣe. F1 lè so dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́, àmọ́ kóró tí ẹ bá yọ nínú rẹ̀ kò ní jọ ìyá rẹ̀; ẹ ó tún padà lọ rà. Ẹni tó fẹ́ máa pa kóró mọ́ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi F1 bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì da kóró tí wọ́n ti fi oògùn aláwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé pa lára pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ fẹ́ jẹ. Ẹ fi sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbìn ín

Ẹ mú kóró mẹ́wàá, ẹ dì wọ́n sínú aṣọ tútù, ẹ fi aṣọ náà sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí méje, ẹ̀gúsí àti elégédé á ti hu. Bí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hu, kóró náà dára. Bó bá jẹ́ márùn-ún sí méje, ẹ fi méjì lé iye tí ẹ ó sọ sínú ihò. Bó bá kéré sí márùn-ún, ẹ wá òmíràn. Kóró igbá le lára, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀bẹ fá etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mọ èyí tí kò yẹ kó sún mọ́ra

Oyin ló ń gbé àtíkè elégédé, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó akọ, láti òdòdó kan dé òmíràn. Irú méjì tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà, bí moschata méjì, á bá ara wọn lòpọ̀. Èso ti ọdún yìí kò ní yí padà, ṣùgbọ́n kóró inú rẹ̀ ti di àdàlù. Elégédé kò lè bá igbá lòpọ̀, igbá kò lè bá ẹ̀gúsí, ìtóò kò sì lè bá bàrà. Nítorí náà, ẹ lè gbin elégédé kan, igbá kan, bàrà kan àti ìtóò kan sínú ọgbà kan láì bẹ̀rù. Irú igbá méjì, àdó àti kèrègbè fún àpẹẹrẹ, ni kí ẹ má gbìn sí ibì kan náà tí ẹ bá fẹ́ pa kóró mọ́.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbin méjì pọ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣe ìbálòpọ̀ náà. Òdòdó abo ni èyí tó ní èso kékeré nídìí. Akọ kò ní. Fún elégédé, lọ́jọ́ tó ṣáájú, nírọ̀lẹ́, ẹ fi òwú di ẹnu abo kan àti akọ kan tó fẹ́ tanná. Ní àárọ̀ kùtù, kí oyin tó jí, ẹ já akọ, ẹ tú abo, ẹ fi àtíkè akọ pa àárín abo, kẹ́ ẹ sì tún un dì. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi èso náà kí ẹ má bàa gbé e tà. Ti igbá yàtọ̀: òdòdó funfun rẹ̀ ń tanná nírọ̀lẹ́, àfòpiná ló sì ń bẹ̀ ẹ́ wò lóru. Ọ̀sán lẹ ó dì í, ìrọ̀lẹ́ lẹ ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Gbígbìn

Ihò kò gbọdọ̀ jìn ju ìka kan lọ. Kóró méjì sí mẹ́ta nínú ihò kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gé àwọn tí kò lágbára, ẹ má fà wọ́n tu. Ẹ fún bàrà ní àyè mítà kan sí ara wọn, elégédé mítà méjì, igbá mítà mẹ́ta pẹ̀lú àtẹ ọparun tó lè gbé ẹrù rẹ̀. Eérú lórí ewé ní àárọ̀ ń lé kòkòrò pupa tó ń jẹ ewé. Ẹ fi bébà bo èso kékeré nítorí eṣinṣin èso. Èso elégédé tó bá ń tóbi lórí ilẹ̀, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Yíyan kóró ti ọdún tó ń bọ̀

Ìgbà tí èso ṣì wà lórí ìtàkùn ni yíyan ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rìn láàárín oko lẹ́yìn òjò ńlá, kẹ́ ẹ wo ìtàkùn tí ewé rẹ̀ mọ́ nígbà tí ti àwọn yòókù ti yí dúdú. Ìtàkùn yẹn ni kí ẹ gba kóró lára rẹ̀, bí èso rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tóbi jù. Ẹ jẹ́ kí èso náà gbó kọjá ìgbà jíjẹ: elégédé, títí èékánná kò fi wọ ara rẹ̀, igbá, títí igi orí rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bàrà, ẹ là á, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi rà, kẹ́ ẹ wá fọ kóró rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fi ọwọ́ tó le mú. Kí ẹ tó pa kóró elégédé mọ́, ẹ fi ahọ́n kan ara èso náà ní tútù. Bó bá korò, ẹ tu ú dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sè é, ẹ má sì pa kóró rẹ̀ mọ́. Oró kan ló ń mú ìkorò yẹn wá, iná kò lè pa á, ó sì lè mú kí inú rú, kí èèyàn máa bì tàbí kó máa yàgbẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí pepo tí à ń jẹ bá bá elégédé pepo tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà nìkan lòpọ̀. Páálí tí wọ́n bá kọ sí pé fún ọ̀ṣọ́ ni, ẹ má gbìn ín sí ọgbà tí ẹ ń jẹ nínú rẹ̀. Ti bàrà yàtọ̀, torí kóró rẹ̀ là ń jẹ, ìkorò ara èso rẹ̀ kì í ṣe àléébù.

Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ tẹ́ kóró sórí àtẹ nínú òjìji tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, ẹ má sá a sórí kọnkéré tó gbóná. Ó gbẹ tán nígbà tó bá dá pàkà, tí kò tẹ̀ mọ́. Ẹ dà á sínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le, ẹ fi eérú tó gbẹ sísàlẹ̀, bébà sí àárín, kóró sókè. Ẹ gbé ìgò náà jìnnà sí ibi ìdáná. Ẹ kọ orúkọ irú náà sára rẹ̀, ìlú tó ti so, oṣù tí ẹ gbìn ín, àti bí òjò ọdún náà ṣe rí.